Ta ni ó sọ pé Bàhíà jìnnà?

Ní gbogbo ìgbà tí a bá dá a lábàá nínú ìpàdé pé ó yẹ kí àwọn àgbà wa, àwọn onílù wa àti àwọn ọ̀dọ́ wa máa lọ kí àwọn ará wa ní Bàhíà, gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: « Bàhíà jìnnà púpọ̀. » Àwọn tí ń sọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀wé. Òmíràn nínú wọn ti lọ sí Párìsì ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí èyí tí ó sọ fún wa rí pé Párìsì jìnnà. Wọ́n lè sọ pé Párìsì ń gba owó, wọ́n lè sọ pé físà rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Bàhíà nìkan ni ó jìnnà. Ó ti pẹ́ tí a ti gba gbólóhùn yìí gbọ́; àwa náà ti fi ẹnu ara wa sọ ọ́ rí. Lónìí a fẹ́ kọ̀ ọ́. Ìwọ̀n ni a ó sì fi kọ̀ ọ́, kì í ṣe ìbínú.

Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀nà náà. Láti pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu dé pápákọ̀ Charles-de-Gaulle ní Párìsì, bí a bá fa ìlà tí ó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀ ayé roboto, nǹkan bí kìlómítà 4,750 ni. Láti pápákọ̀ Kútọnu kan náà dé pápákọ̀ Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, nǹkan bí kìlómítà 5,000 ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju bíi kìlómítà 250 lọ. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Kútọnu tí ó sì gba ojú títì dé Ṣábẹ̀ẹ́ ti rin ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò kí i kú ewu ọ̀nà jíjìn. Ní ojú ọ̀run, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni bàálù fi ń já irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó yá àwòrán ayé roboto lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Kí ó fi òwú kan Kútọnu, kí ó nà án dé Párìsì, kí ó sì gé e síbẹ̀. Kí ó wá di etí kan mú ní Kútọnu, kí ó yí etí kejì sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, lórí òkun, títí yóò fi kọjú sí Bràsíìlì. Yóò rí i pé òwú tí ó dé Párìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Salvador. Ohun tí ó kù kò ju ìwọ̀n èékánná lọ.

Bí a bá kúrò ní ìwọ̀n ọ̀nà, tí a bọ́ sí ìwọ̀n àkókò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bàálù tí ń ti Kútọnu lọ sí Párìsì máa ń lò ju wákàtí 6 lọ díẹ̀ lójú ọ̀run. Bàálù irú kan náà yóò lo bíi wákàtí 6 àbọ̀ dé Salvador. Aago Salvador sì fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn tiwa. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jẹ àkàrà ní Kútọnu ní òwúrọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì gbéra ní aago 8, aago 10 àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni yóò balẹ̀ ní Salvador. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò ti bá àwọn obìnrin aláṣọ funfun ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ń din ohun tí wọ́n ń pè ní acarajé nínú epo pupa. Àkàrà ni. Ẹ̀wà kan náà, epo kan náà, orúkọ kan náà. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àkàrà kìíní àti èkejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ń tàn wá jẹ. Òkè òkun ni a ń pe ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ dé, a ní ó ti òkè òkun dé. Ẹ wo ibi tí bàálù Párìsì ń gbà. Bí ó bá ti gbéra ní Kútọnu, ó kẹ́yìn sí òkun ni. Ó kọjú sí àríwá, nítorí pé Kútọnu àti Párìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù dé àríwá. Ó gba orí igbó àti ọ̀dàn kọjá, ó wọ aṣálẹ̀ Sàhárà, ó rìn nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó tó rí Òkun Mẹditaréníà tí ó fi àkókò díẹ̀ ré kọjá. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, òkè aṣálẹ̀ ni Párìsì wà. Àwọn tí wọ́n wà ní òkè òkun ní tòótọ́ ni àwọn tí a kó láti etíkun tiwa yìí, tí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ, tí òkun kan ṣoṣo sì wà láàárín wa títí di òní. Àwọn ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. A ti gba orúkọ wọn fún ẹlòmíràn, a sì ti gba ọ̀nà wọn fún ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Báwo ni ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ sí Salvador ṣe ń lọ? Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò rí bàálù kan tí ń gbéra déédéé ní Kútọnu tí ó sì ń balẹ̀ ní Salvador láìyà síbì kan. Bí ó bá gba Párìsì, yóò kọ́kọ́ lọ kìlómítà 4,750 sí àríwá. Láti Párìsì dé Salvador tún jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 7,970. Gbogbo rẹ̀ lé ní 12,700. Bí ó bá gba Addis Ababa, yóò kọ́kọ́ fò ju kìlómítà 4,000 lọ sí ìlà-oòrùn, kí ó kúrò níbi tí ó ń lọ, kí ó tó yíjú padà sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó la Áfíríkà já lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì gba orí òkun dé São Paulo. Láti ibẹ̀, Salvador ṣì kù ju kìlómítà 1,400 lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti lé ní kìlómítà 15,000: ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Ìrìn wákàtí 6 àbọ̀ ti di ìrìn ọjọ́ kan àti òru kan, nígbà mìíràn ọjọ́ méjì. A kò dá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba ọ̀nà wọ̀nyẹn lẹ́bi. Ibi tí wọ́n rí èrò ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa mọ́ pé òkun ni ó mú kí ọ̀nà jìn. Ìyípo ni ó mú un jìn, ènìyàn ni ó sì ṣètò ìyípo.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé òrìṣà kan ní Salvador kọ ìwé ìpè sí mẹ́ta nínú wa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ìyá àgbà kan láti agbègbè Kétu, tí ó ti lé ní 70 ọdún. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Potogí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n ń pè, nítorí pé ó mọ àwọn orin kan tí àwọn ará ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn tí wọn kò sì ní ìparí wọn. Ìwé ọkọ̀ tí owó wa ká ń béèrè pé kí wọ́n sun ìlú kan ní Yúróòpù mọ́jú. Nítorí náà, yàtọ̀ sí físà Bràsíìlì, ìyá wa ní láti tọrọ físà Yúróòpù, ibi tí kò ní ìfẹ́ láti lọ. Wọ́n béèrè ìwé báǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí ń tọ́jú owó rẹ̀ sínú àjọ kò ní ìwé báǹkì rí láyé. Wọn kò fún un. Àwọn méjì tí ó kù lọ. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n sì ti kí wọn tán, ohun tí àwọn onílé kọ́kọ́ béèrè ni pé: « Ìyá dà? » Ìyá náà ti dolóògbé báyìí. Àwọn orin náà kò ní ìparí ní Bàhíà títí di òní.

Ti àwọn ará wa tí ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tún le ju tiwa lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin físà Yúróòpù kà sílẹ̀ pé àwọn ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè kọjá nínú pápákọ̀ lásán, bí wọn kò tilẹ̀ ní fi ẹsẹ̀ tẹ ìgboro, àfi bí wọ́n bá ní ìwé àkànṣe mìíràn lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Kétu, tí ààlà tí àwọn òyìnbó fà gbé sí ọwọ́ Nàìjíríà, fẹ́ lọ kí ọmọ Kétu mìíràn ní Bàhíà; ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni kẹta. Ìbátan wo ni ó tún kù láàárín ẹni méjì tí wọn kò lè rí ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn kọjá?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ayé kò tíì ní bàálù, ọ̀nà Bàhíà kò gba Párìsì. Láti ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún ni a ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Kétu àti àwọn abúlé rẹ̀ lọ sí Bàhíà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ débi pé orúkọ ìlú kékeré yìí ni ó di orúkọ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀ ńlá inú Candomblé, tí àwọn tí kò rí odi Kétu rí fi ń sọ pé « ọmọ Kétu ni wá ». Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí orúkọ wọn níbẹ̀, Malê, ti inú ọ̀rọ̀ wa « ìmàle » jáde, gbé ìjà dìde ní Salvador. Lẹ́yìn ìjà náà, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn fi ìfẹ́ ara wọn wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sí etíkun wa: Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí ó wo mọ́sálásí ńlá àtijọ́ tí ó wà ní Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Kí ó gbọ́ orúkọ da Silva, d'Almeida àti Paraïso nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn ọkọ̀ alásọ ìgbà náà ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí omi, àwọn ọmọ ìyá sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Aṣọ òkè, obì, orógbó àti ọṣẹ dúdú ń lọ. Sìgá àti ọtí ń bọ̀. Àwọn tí ń gbé ẹrù wọ̀nyí kò ní ẹ̀rọ, wọn kò ní fóònù, ọ̀pọ̀ wọn ni a sì ti tà rí bí ẹrù lórí omi kan náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé Bàhíà jìnnà débi tí a kò fi lè lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, Jean Mermoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àpò lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n fi bàálù kékeré kan fò lórí òkun, wọ́n sì dé Natal ní Bràsíìlì lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 21. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún lè fi òkun ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ìwé oníṣòwò ni wọ́n gbé, kì í ṣe tiwa. Nígbà tí ilẹ̀ wa wá gba òmìnira, tí òun àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì dá Air Afrique sílẹ̀ ní ọdún 1961, Párìsì náà ni a ṣì fi ṣe ọ̀nà ńlá, títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé ní ọdún 2002. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn là fún iṣẹ́ ara rẹ̀ ni a jogún, a sì rò pé bí Ọlọ́run ti dá ayé nìyẹn.

Àwọn kan yóò rán wa létí Pierre Verger. Ó yẹ kí a rántí rẹ̀. Ọmọ Párìsì ni, a bí i ní ọdún 1902. Salvador ni ó fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1996. Ó di babaláwo láàárín wa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé àwòrán àti iṣẹ́ jíjẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwa sí ọ̀dọ̀ wọn, láti ọ̀dọ̀ wọn sí ọ̀dọ̀ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò ní sọ ọ́ ní búburú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Párìsì ni ó di alárinà láàárín Kétu àti Kétu? Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn Bàhíà ju wa lọ. Ìwé ìrìnnà tí ó wà lápò rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn tí tiwa kì í ṣí. Ìmọ̀ tí ó kó jọ ti di ìwé, àwọn ọmọ wa sì ń kà á ní Faransé ní yunifásítì láti mọ ohun tí àwọn ìyá ìyá wọn mọ̀. Alárinà rere ni alárinà í ṣe. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá ti mọjú ara wọn, alárinà a máa yẹ̀ba.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin kan tí inú wa dùn sí. Òfin náà fún àwọn ọmọ ìran Áfíríkà tí a kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú ní ẹ̀tọ́ láti di ọmọ ilẹ̀ wa. Ohun ńlá ni. Kò sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà sì ń fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ onílé wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ìgbà kan, ó kéré tán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ìyá alákàrà Salvador yóò gbà wá? Ẹni tí a ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ fún, tí a kò la ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn náà fún, àwọn ọlọ́rọ̀ inú wọn nìkan ni yóò wọlé. Àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn pa òrìṣà mọ́ fún wa ní ọjọ́ ìyà kì í ṣe ọlọ́rọ̀.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn, nítorí pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń sọ ọ́. Wọ́n ní: « Kò sí èrò tí ó pọ̀ tó. Bàálù tí ó bá ṣófo, gbèsè ni. » Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fẹ́ fi orin bò ó mọ́lẹ̀. A kò béèrè bàálù ojoojúmọ́. A kò béèrè bàálù ńlá olójúlé méjì. Àwọn bàálù alábọ́ọ́dé tí ń gbé bí ènìyàn 180 wà nísinsìnyí tí wọ́n lè fò ju kìlómítà 5,000 lọ láìbalẹ̀. Ohun tí a béèrè ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn méjì péré lọ́dún, nínú oṣù kan tí àwọn méjèèjì ní ìdí láti rìn.

Oṣù náà ni oṣù kìn-ín-ní. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù náà, gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe ọdún ìbílẹ̀, Ouidah sì ń kún fún àlejò. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn àjọ̀dún Ẹ̀pífánì, tí kì í kọjá ọjọ́ 20 oṣù kan náà, Salvador ń ṣe ọdún Bonfim: àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń ru omi òórùn dídùn lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé Ọ̀ṣàlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń bu omi fún. Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ náà ń ṣe ọdún Bonfim yìí kan náà ní oṣù yìí kan náà, pẹ̀lú eégún Bùríyàn wọn. Ẹ jẹ́ kí bàálù kan gbé 180 ènìyàn láti Salvador wá sí Kútọnu ní nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù náà. Kí ó má ṣófo padà: kí ó gbé 180 nínú tiwa lọ sí Salvador. Lẹ́yìn ọjọ́ 20, kí ó gbé àwọn tiwa padà wálé, kí ó sì gbé àwọn tiwọn lọ. Àwọn yóò ti rí ọdún tiwa, àwa yóò ti rí ọdún tiwọn. Ìrìn mẹ́rin lórí òkun, kò sì sí ọ̀kan tí yóò ṣófo. Ṣé gbogbo Àjàṣẹ́, Kútọnu, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Lomé àti Èkó kò lè rí 180 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Ìlú kan ṣoṣo nínú wọn ń rán ju bẹ́ẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí èrò.

Kì í ṣe àìsí èrò ni ó fa àìsí ọ̀nà. Àìsí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí a rí èrò. Ẹni tí ó gba Párìsì lọ sí Bàhíà, èrò Párìsì ni wọ́n kà á sí ní Kútọnu. Ẹni tí kò lọ rárá, wọn kò kà á. Bí a kò bá dá ọjà sílẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ iye àwọn tí ìbá wá ná an?

Àtakò kejì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa wá. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ tún ọ̀nà tí ó wà nítòsí ṣe kí a tó sọ̀rọ̀ Bàhíà. Wọ́n ní kí a wo Kútọnu àti Èkó: kìlómítà 106 péré ni ó wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì, bàálù kò tíì gòkè tán tí yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀ kún fún ìdènà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 dé oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà sì fi ti ẹnubodè rẹ̀ pa, tí ọmọ Àjàṣẹ́ kò lè lọ sìnkú ní Bàdágírì. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1999, àwọn ìjọba Áfíríkà fọwọ́ sí ìpinnu Yamoussoukro pé kí bàálù Áfíríkà máa fò fàlàlà láti ìlú dé ìlú; ní ọdún 2018 wọ́n tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọjà òfuurufú kan ṣoṣo, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ìwé ti pọ̀ ju bàálù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa yìí kò ta ko tiwa. Ó tì í lẹ́yìn ni. Bí kìlómítà 106 bá lè jìnnà, tí 4,750 sì lè wà nítòsí, ó hàn gbangba pé kìlómítà kọ́ ni a fi ń wọn jíjìnnà láàárín wa. Ohun tí ẹni tí ó ní agbára bá fẹ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àìsàn kan náà ni, oògùn kan náà ni ó sì ń fẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ó ku àtakò kan tí a kì í sọ jáde: pé ẹgbẹ́ àṣà kò ní iṣẹ́ kan láti ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bàálù, kí a máa lu ìlù, kí a máa kọ oríkì, kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mínísítà. Ìdáhùn wa ni pé àṣà tí kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà rìn yóò di ohun tí a ń wò nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn orin ìyá wa tí ó dolóògbé kò sọnù nítorí pé a kò lu ìlù tó. Wọ́n sọnù nítorí ìwé ọkọ̀ kan àti físà kan.

Àwa náà jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Nígbà tí owó bá wọlé sínú àpò ẹgbẹ́, ibo ni a ń rán àwọn aṣojú wa lọ? Párìsì. Ibo ni àwọn ọmọ wa ń lá àlá rẹ̀? Párìsì. Èdè mélòó ni a fi ń tẹ ìwé yìí? Méjì, Potogí kò sì sí níbẹ̀. A kò bínú sí Párìsì; àwọn ará wa púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń rán owó wálé. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí ó jẹ́ òun nìkan ni a ó máa kọjú sí, nígbà tí ẹlòmíràn wà ní ìwọ̀n ọ̀nà kan náà tí ó ń fi orúkọ ìlú wa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a béèrè. Lọ́wọ́ ìjọba: kí àwọn tí ó ṣe òfin ọdún 2024 parí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n bá Bràsíìlì sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tààrà ní oṣù kìn-ín-ní, àti lórí físà tí kò le fún àwọn àgbà tí ilé òrìṣà tàbí ẹgbẹ́ bá pè. Lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú: kí wọ́n dán ìrìn méjì náà wò ní ọdún kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí iye èrò sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa: kí gbogbo ẹ̀ka, láti Kétu dé Lomé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ lọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dá owó àjọ fún un, kí ẹni tí ó bá bi wá pé èrò dà rí ìwé orúkọ lọ́wọ́ wa. Kí orúkọ àwọn ìyá àgbà ṣáájú nínú ìwé náà, nítorí pé àwọn ni kò ní àkókò láti dúró.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, a ó gbé àwòrán ayé roboto kan àti òwú kan sórí tábìlì. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ dìde láti sọ pé Bàhíà jìnnà, kí ó kọ́kọ́ wá wọ̀n ọ́n.